Ojú Àpá Kì í Jọ Ojú Ara: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ọ̀gá Àgbà Àjọ Mùsíọ́mù Orílẹ̀-èdè

Sí Ọ̀gá Àgbà, àjọ NCMM (àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó mùsíọ́mù), Abuja.

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ọ̀gá wa. A kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, a ò sì ní fi ìkíni gba àyè ọ̀rọ̀. Kì í ṣe ìpinnu kan tí ẹ ṣe ló mú wa kọ ìwé yìí ní gbangba. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ láìṣe ni, ó sì ti wà bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó dé orí àga. Ogun abẹ́lé láàárín Nàìjíríà àti Biafra bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Keje, 1967, ó sì parí ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní, 1970. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní, 1985, tó jẹ́ ọdún 15 géérégé lẹ́yìn tí ìbọn dákẹ́, Ọ̀gágun Tunde Idiagbon ṣí mùsíọ́mù ogun sí Umuahia. Ọ̀rọ̀ ilé yẹn la bá wá, àti ọ̀rọ̀ àwọn ará ìlú tí ogun náà ṣì wà lára wọn títí di òní: kí àjọ yín ya fọ́tò wọn pẹ̀lú ìyọ̀ǹda wọn, kí ẹ kọ ìtàn wọn sílẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀.

Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 10 ní 1968 ti lé ní ẹni 65 báyìí. Àwọn tó jẹ́ géńdé nígbà náà ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ní ká dúró de ètò ìnáwó ọdún mìíràn, àwọn tó lè sọ pé "èmi nìyí, ibi tó ti bà mí nìyí" yóò ti dín kù.

1. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé. Ọkọ̀ ogun ojú omi NNS Bonny wà ní Umuahia, ọkọ̀ ogun onírin Red Devil wà, ogbunigwe, bọ́ǹbù tí Biafra ṣe fúnra rẹ̀, wà, yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí rédíò Biafra ti ń sọ̀rọ̀ náà wà. A ò ní kí ẹ kó wọn dànù. Ṣùgbọ́n ọmọ iléèwé tó bá wọ ibẹ̀ yóò jáde pẹ̀lú ìmọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń ki ogbunigwe, kò sì ní mọ bí ara ẹni tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bà ṣe ń rí lẹ́yìn 50 ọdún. Àkọlé ara ìbọn máa ń sọ ibi tí ìbọn ti wá. Ta ni yóò sọ ibi tí ọta rẹ̀ lọ?

2. Ẹ̀rí pé ogun náà kò tíì kúrò lára wà nínú ìwé ilé ẹjọ́. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá, 2017, ilé ẹjọ́ ECOWAS ní Abuja sọ àdéhùn tí ìjọba àpapọ̀ bá àwọn tó pè é lẹ́jọ́ ṣe di ìdájọ́: 88 bílíọ̀nù náírà. 50 bílíọ̀nù nínú rẹ̀ jẹ́ ti àwọn tí ogun ṣe lọ́ṣẹ́, 38 bílíọ̀nù jẹ́ ti kíkó àdó olóró tó ṣẹ́ kù kúrò nínú ilẹ̀ àti ilé iṣẹ́ tí yóò máa bójú tó o ní Owerri. Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa. Ọdún 47 lẹ́yìn ogun ni ìjọba fúnra rẹ̀ gbà pé àdó olóró ṣì wà lábẹ́ oko. Ẹni tó ń kọ ebè lè fi ọkọ́ kan ohun tí wọ́n jù sílẹ̀ kí wọ́n tó bí i.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò ẹsẹ̀ kan. Ọmọ ọdún 8 tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún ní 1968 ń dàgbà lọ, nítorí náà ẹsẹ̀ àtọwọ́dá rẹ̀ á máa kéré fún un ní nǹkan bí ọdún kọ̀ọ̀kan. Á ti pààrọ̀ bíi 10 kó tó pé ẹni 18. Láti ìgbà náà, ọ̀kan máa ń lò tó ọdún 3 sí 5. Kó tó di ẹni 65, ó yẹ kó ti lo nǹkan bí 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Egungun ọmọdé tí wọ́n gé láàárín tún máa ń hù, ṣóńṣó rẹ̀ á máa gún awọ láti inú, dókítà á sì ní láti tún un gé. Fọ́tò ẹyọ kan tí wọ́n yà ní ọjọ́ kan ò lè sọ ìyẹn. Ohun tó lè sọ ọ́ ni fọ́tò ẹsẹ̀ àtijọ́ tó ti fọ́ tí wọ́n gbé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, fọ́tò okùn rọ́bà tí wọ́n fi so ó, àti fọ́tò igi tí ó fi ń rìn láwọn ọdún tí kò rí òmíràn rà.

Ìyàn ogun náà tún wà lára àwọn tí kò ní àpá kankan. Ìwádìí kan tó jáde ní 2010 wo àgbàlagbà 1,339 ní Enugu. Àwọn tí wọ́n bí nígbà ìyàn náà, láàárín 1968 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1970, ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀ ju àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn ogun lọ, bẹ́ẹ̀ wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tó nǹkan bí ẹni 40 nígbà náà ni. Kámẹ́rà ò lè ya ẹ̀jẹ̀ ríru. Ibi tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán ti ń kùnà nìyí: tí wọn ò bá rí ọgbẹ́, wọ́n á ní kò sí nǹkan níbẹ̀. Ohun tó ṣeé yà ni ike oògùn lórí tábìlì, káàdì ọsibítù tí nọ́ńbà ọdún 10 wà lára rẹ̀, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí wọ́n dúró láìwọ bàtà lára ògiri kan náà, èyí tí wọ́n bí ní 1968 àti èyí tí wọ́n bí ní 1972, kí rúlà gígùn wà láàárín wọn. Kí ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ sábẹ́ rẹ̀ pé ogun ló sọ ẹ̀gbọ́n di kúkúrú. Inú ẹbí kan náà la ti ń rí gíga àti kúkúrú. Ẹ kọ ohun tí ìwádìí rí lára ọ̀pọ̀ èèyàn, kí ẹ sì fi ti ẹni méjì yìí sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

3. Ẹ lè sọ pé fọ́tò ogun Biafra pọ̀ láyé. Ó pọ̀ lóòótọ́. Ní 1968, fọ́tò àwọn ọmọ tí kwashiorkor, àrùn àìrí oúnjẹ gidi jẹ, ti wú níkùn kún inú ìwé ìròyìn Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ó sì mú oúnjẹ wá, títí dé orí àwọn ọkọ̀ òfuurufú ìjọ Kristẹni tó ń balẹ̀ ní Uli lóru. A ò ní bú àwọn tó yà wọ́n. Ẹjọ́ wa ni pé nínú ọ̀pọ̀ fọ́tò wọ̀nyẹn, a ò mọ orúkọ ọmọ, a ò mọ abúlé rẹ̀, a ò mọ̀ bóyá ó yè. Wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ lọ sí Gabon àti Ivory Coast nígbà ogun, ìparí 1970 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn padà. Àwọn kan nínú wọn lè wà láyé tí wọn ò mọ̀ pé ojú àwọn wà nínú ìwé ní London.

Fọ́tò tí kò ní àlàyé tó péye kò ní olówó, ibi tó bá wu ẹnikẹ́ni ló lè gbé e lọ. Ẹ rántí 2014, nígbà tí wọ́n jí ọmọbìnrin 276 gbé ní Chibok. Fọ́tò àwọn ọmọbìnrin kan láti Guinea-Bissau, tí Ami Vitale ti yà ṣáájú ìgbà náà, ló tàn káàkiri ayé bí ẹni pé àwọn ni wọ́n jí gbé. Wọn ò gba àyè lọ́wọ́ àwọn ọmọ náà, wọn ò gbà á lọ́wọ́ ẹni tó yà wọ́n. Àánú ló ń ṣe àwọn tó pín in, àánú náà ló sì sọ ọmọ ọlọ́mọ di ọmọ tí wọ́n jí gbé.

4. Bí iṣẹ́ náà ṣe yẹ kó lọ nìyí. A ó fẹ̀ ẹ́ lójú díẹ̀, torí a ti mọ̀ pé tí a bá kàn ní "ẹ ya fọ́tò wọn", ẹnì kan yóò gbé kámẹ́rà wọ ọkọ̀, yóò lo ọjọ́ mẹ́ta ní Umuahia, yóò sì padà pẹ̀lú 2,000 fọ́tò tí kò wúlò.

Ìyọ̀ǹda ni àkọ́kọ́. Ìgbà mẹ́ta ni kí ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní àkọ́kọ́, kí kámẹ́rà má tilẹ̀ sí nínú báàgì. Ẹ ṣàlàyé iṣẹ́ náà ní èdè Ìgbò, tàbí èdè tí ẹni náà ń sùn tó sì ń lá àlá nínú rẹ̀, kí ẹ fi ìwé sílẹ̀ fún un láti bi ọmọ rẹ̀. Ìgbà kejì ni fọ́tò. Ìgbà kẹta, ẹ gbé fọ́tò tí ẹ ti tẹ̀ lọ fún un, ẹ tò wọ́n síwájú rẹ̀, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ èyí tí kò fẹ́ kúrò. Ọjọ́ yẹn ni kó tó tẹ̀ka tàbí fọwọ́ sí i. Ẹni tó fọwọ́ sí ìwé kó tó rí fọ́tò kò mọ ohun tó fọwọ́ sí. Ìwé náà gbọ́dọ̀ pín ohun tí ó gbà sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ nìkan, kí wọ́n gbé e kọ́ ògiri, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, kí wọ́n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ á gba mẹ́ta, wọ́n á kọ ìkẹrin. Òfin Ààbò Ìsọfúnni Ara Ẹni ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun ẹlẹgẹ́, nítorí náà iṣẹ́ òfin ni èyí, kì í ṣe ojú rere.

Ẹ má sanwó fún àpá. Ẹni tí wọ́n bá ń sanwó fún nítorí ọgbẹ́, ọgbẹ́ tó tóbi jù ni yóò máa gbé síwájú. Ṣùgbọ́n ẹ san owó ọkọ̀, ẹ san owó ọjọ́ iṣẹ́ tí ẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kí iye náà sì dọ́gba fún gbogbo èèyàn, ìbáà gba kí wọ́n ya òun tàbí kó kọ̀.

Ògbufọ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ mọ̀lẹ́bí. Ìyá tí wọ́n fi ipá bá lò pọ̀ nígbà ogun kò ní sọ ọ́ níwájú ọmọkùnrin rẹ̀, àwọn kan ò sì sọ ọ́ fún ọkọ títí ọkọ fi kú. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí obìnrin ló ṣe ògbufọ̀, kí obìnrin ló ya fọ́tò, kí ẹ sì gbà tí ó bá ní òun ò fẹ́ fọ́tò rárá. Ẹ má rò pé tí ẹ kò bá ti ya ojú, ẹ ti bo èèyàn. Ilà, òrùka, aṣọ ẹgbẹ́, ilẹ̀kùn ilé, bí ọwọ́ ṣe rí: ará àdúgbò á dá a mọ̀ kí ẹ tó pa ojú dé. Ìdánwò tó wà fún un kò le: ẹ fi fọ́tò náà han ẹni méjì tó mọ abúlé náà, tí wọ́n ti búra láti pa ẹnu mọ́. Tí ọ̀kan nínú wọn bá dárúkọ, fọ́tò náà kò gbọdọ̀ jáde.

Kámẹ́rà wá. Lẹ́ǹsì 50 sí 85 mìlímítà fún èèyàn, 35 fún yàrá àti àyíká. Lẹ́ǹsì tó fẹ̀ ju ìyẹn lọ tí wọ́n bá gbé sún mọ́ ara á na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kọjá bí ó ṣe rí, á sì sọ ẹni tó ní àbùkù ara di ìran wíwò. Ẹ gbé kámẹ́rà sí gíga ojú ẹni tó jókòó, kì í ṣe gíga ojú ẹni tó dúró. Ojú àti gbogbo ara ni kí ẹ kọ́kọ́ yà, nínú aṣọ tí ó fúnra rẹ̀ yàn. Àpá ló gbẹ̀yìn, tí ó bá fẹ́.

Àpá ní ìmọ̀ tirẹ̀. Èyí tó ru sókè ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ rìn nílẹ̀ nílẹ̀ lórí awọ kí òjìji lè fi gíga rẹ̀ hàn. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ iwájú tó rọ̀. Fílááṣì orí kámẹ́rà ń ba méjèèjì jẹ́, torí àpá máa ń dán, á sì ṣẹ́ funfun báláú láàárín. Fèrèsé kan tí oòrùn ò wọlé tààrà àti aṣọ funfun kan ní òdìkejì tó fún gbogbo rẹ̀. Ẹ fi rúlà onímìlímítà sí ẹ̀gbẹ́ àpá nínú fọ́tò kan, kí ẹ sì ya òmíràn tí rúlà kò sí.

Àwọ̀ wa ní ẹjọ́ pẹ̀lú mítà kámẹ́rà. Tí awọ dúdú bá kún inú fọ́tò, mítà á rò pé ilẹ̀ ṣú, á sì tàn án jù, àpá tó yàtọ̀ díẹ̀ sí awọ á pòórá. Tí ògiri funfun bá wà lẹ́yìn, òdìkejì ló máa ṣẹlẹ̀, ojú á di dúdú kirikiri. Ẹ wọn ìmọ́lẹ̀ lórí káàdì eérú, ẹ ti í pa, kí fọ́tò àkọ́kọ́ nínú ìjókòó kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ti káàdì aláwọ̀ mèremère, kí ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́ ní 2050 lè mọ àwọ̀ tó jẹ́ òótọ́. Ní Asaba, níbi tí àwọn ìyá ti ń wọ akwa ocha, aṣọ òfì funfun wọn, ẹ ṣọ́ funfun aṣọ náà: tí òwú rẹ̀ bá ti sọnù nínú fáìlì, kò sí ẹni tó lè dá a padà.

Ẹ kọ iye ẹsẹ̀ bàtà tó wà láàárín kámẹ́rà àti àga, gíga kámẹ́rà, lẹ́ǹsì, àti ẹ̀gbẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ti wá, torí ọdún márùn-ún márùn-ún ni ẹ ó máa padà. Láìsí àkọsílẹ̀ yìí, fọ́tò kejì ò lè bá ti àkọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú ẹni tí àdó olóró ṣe lọ́ṣẹ́ padà sínú oko náà láti "fi bó ṣe ṣẹlẹ̀ hàn". Irin tó ti dípẹtà lè ṣì bú. Ojú ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ti là ni kí ayàwòrán dúró sí, kí ó sì fi lẹ́ǹsì gígùn ya oko.

Ohun tó kù ni fọ́tò tó ti wà tẹ́lẹ̀. Nínú àpótí àwọn ẹbí, fọ́tò sítúdíò ṣáájú 1967 wà: bàbá tó ní ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹ̀gbọ́n tí kò padà. Ẹ má gbà á lọ síbì kankan. Ẹ gbé kámẹ́rà dorí kodò lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, iná méjì ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì, kí wọ́n tẹ̀ díẹ̀ bí igun 45 kó má bàa dán, kí ẹ ya iwájú, kí ẹ sì ya ẹ̀yìn pẹ̀lú. Ẹ̀yìn ni òǹtẹ̀ sítúdíò àti ọjọ́ máa ń wà. Tí ẹ bá rí nẹ́gẹ́tíìfù tó ń rùn bí fínígà, ó ti ń jẹra nìyẹn. Ẹ yà á sọ́tọ̀ kí ó má ran àwọn yòókù, kí ẹ sì dà á kọ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.

5. Àwa Yorùbá kì í ṣe òǹwòran nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ, 1967, ọmọ ogun Biafra wọ ẹkùn Mid-West, wọ́n sì rìn dé Ọ̀rẹ̀. Títí dòní, tí nǹkan bá le, a ó ní "Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀", a ó sì rẹ́rìn-ín. Ta ló mọ ojú ẹni tí ìjà náà bá nínú oko kòkó rẹ̀? Ẹ fi Ọ̀rẹ̀ kún un.

Asaba ni yóò sì dán àjọ yín wò. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, àwọn ará ìlú jáde pẹ̀lú aṣọ funfun àti ijó láti kí ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ káàbọ̀. Wọ́n ya ọkùnrin àti ọmọkùnrin sọ́tọ̀, wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n ní Ogbe-Osowa. Mùsíọ́mù ìjọba àpapọ̀ ni yóò kọ àlàyé abẹ́ fọ́tò àwọn opó náà, ọmọ ogun ìjọba kan náà ló sì yìnbọn. Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Tí àlàyé náà bá sọ pé "àwọn kan kú nígbà ogun", ẹ ti pa iṣẹ́ náà. Ẹ kọ ẹni tó yìnbọn síbẹ̀.

6. Ọ̀rọ̀ Borno, ní kúkurú. Ní 2011, Nàìjíríà sọ fún àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí àdéhùn Ottawa, èyí tó fòfin de bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀, pé òun ti kó gbogbo bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn náà ni Boko Haram rì tuntun, tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe, sójú ọ̀nà oko àti ọ̀nà odò, ìjọba sì tún ní láti padà lọ tọrọ àkókò. Àwọn tó ń pàdánù ẹsẹ̀ níbẹ̀ báyìí ṣì jẹ́ ọmọdé. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n di ẹni 65 kí a tó kọ irú lẹ́tà yìí nítorí wọn. Ìlànà kan náà ni, àfi pé ogun ṣì ń lọ níbẹ̀: ẹ yọ ibi tí fóònù àti kámẹ́rà máa ń kọ sínú fáìlì kúrò nínú gbogbo ẹ̀dà tó bá máa jáde, ẹ má ya ojú ọmọdé, ẹ má sì gbé fọ́tò kankan jáde kí ẹni náà tó kúrò níbi tí wọ́n ti lè rí i mú.

7. Ohun tí a ń béèrè:

Kí ẹ yan ẹni 120 fún ìpele àkọ́kọ́, láti Umuahia, Owerri, Enugu, Asaba àti Ọ̀rẹ̀, kí àwọn ẹgbẹ́ aláàbọ̀ ara àti àwọn ìyá ìlú wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń yàn wọ́n. Ìgbà mẹ́ta lọ́nà 120 jẹ́ ìbẹ̀wò 360. Ẹni méjì lójọ́ kan ló ga jù tí òṣìṣẹ́ lè ṣe láìkánjú, ó di ọjọ́ iṣẹ́ 180. Ẹni mẹ́rin tó: ayàwòrán, ògbufọ̀, ẹni tó ń kọ sílẹ̀, àti nọ́ọ̀sì tàbí olùgbani-nímọ̀ràn tó lè ní "ó tó" kí gbogbo wọn sì gbọ́.

Àyè ìtọ́jú kì í ṣe àwáwí. Fọ́tò RAW (fáìlì ńlá tí kámẹ́rà ò tíì fún pọ̀) 40 fún ẹnì kan, ní 30 MB ọ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́ 1.2 GB. Ohùn wákàtí kan jẹ́ nǹkan bí 0.5 GB. Gbogbo ẹni 120 kò ju 210 GB lọ. Hádì-díráífù 1 TB mẹ́ta ti tó, méjì ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láàárín Nàìjíríà, ọ̀kan nílé ìkàwé yunifásítì kan tí kò sí lábẹ́ àjọ yín. Ẹ máa ṣí wọn wò lóṣù mẹ́fà mẹ́fà, torí díráífù tí wọ́n tì mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ń kú láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Kí orúkọ àti nọ́ńbà wà nínú ìwé kan, kí fọ́tò àti nọ́ńbà wà nínú òmíràn, kí kọ́kọ́rọ́ méjèèjì má sì wà lọ́wọ́ ẹnì kan.

Kí yàrá kan ní Umuahia ṣófo kúrò lọ́wọ́ irin ogun, kí fọ́tò wọ̀nyí gba ibẹ̀. A mọ̀ pé èyí ló máa dun àwọn kan jù nínú gbogbo ohun tí a béèrè.

Kí fọ́tò tí ẹni náà yàn, tí wọ́n tẹ̀ dáadáa, wà lára ògiri ilé rẹ̀ kó tó wà lára ògiri yín.

Kí ẹ dá wa lóhùn ní gbangba láàárín 90 ọjọ́, kí ìdáhùn náà sì ní orúkọ ẹni tó máa bójú tó o àti ọjọ́ tí ìbẹ̀wò àkọ́kọ́ máa wáyé.

Àwa ni,
Àwọn ayàwòrán àti olùtọ́jú àkójọ fọ́tò, Ìbàdàn.